Wákàtí Sáìtì àti Ìwé Owó Ọ́fíìsì: Bí A Ṣe Ń So Wọ́n Pọ̀

Nínú gbogbo owó tí ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé ń ná, owó òṣìṣẹ́ ni ó ṣòro jù lọ láti tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Sìmẹ́ńtì ní rìsíìtì, irin ní rìsíìtì, típà tí ó gbé iyanrìn wá ní wéébíìlì tí awakọ̀ yóò fi han ẹ̀ṣọ́ kí wọ́n tó ṣí géètì fún un. Ṣùgbọ́n wákàtí tí lébírà fi gbẹ́ kòtò kì í mú ìwé kankan bọ̀, àfi èyí tí ẹnìkan bá jókòó kọ. Bí ẹni náà kò bá kọ ọ́ lọ́jọ́ náà, tàbí tí ó kọ ọ́ lọ́nà tí ọ́fíìsì kò lè lò, owó yóò jáde, iṣẹ́ yóò parí, kò sì ní sí ẹni tí yóò lè sọ iye tí iṣẹ́ náà jẹ gan-an. Ìṣirò owó ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe fún ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé kan ní Ìbàdàn, ohun tí mo sì fẹ́ kọ nípa rẹ̀ lónìí ni bí a ṣe lè so àkọsílẹ̀ wákàtí tí a ń gbà ní sáìtì pọ̀ mọ́ ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìwé owó, kí ọ̀kan má baà máa sọ ohun tí èkejì kò mọ̀.

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ sáìtì, inú ìwé àjákọ kan ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Táìmùkípà yóò kọ ọ́ síbẹ̀ láàárọ̀ pé bíríkìlà 6, lébírà 14, káfíńtà 3. Bí ó bá di Sátidé, yóò ka iye ọjọ́ tí oníkálukú wá, yóò fi owó ojúmọ́ rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ọ̀gá sáìtì yóò sì fi àpapọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí ọ́fíìsì lè fi owó ṣọwọ́. Nígbà tí ó bá kan èmi láti kọ ọ́ sínú léjà, ìlà kan ṣoṣo ni mo ní: owó òṣìṣẹ́, sáìtì Akóbọ̀, ọ̀sẹ̀ yìí. Ìlà náà kò parọ́, nítorí owó náà jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n QS, ìyẹn ẹni tí ń wọn iṣẹ́ ìkọ́lé tí ó sì ń díye lé e, kò díye lé owó òṣìṣẹ́ lápapọ̀ nínú BOQ, ìyẹn ìwé tí a to iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti iye rẹ̀ sí. Ó díye lé kòtò gbígbẹ́ lọ́tọ̀, kọnkéré ìpìlẹ̀ lọ́tọ̀, búlọ́ọ̀kù títò lọ́tọ̀, ògiri rírẹ́ lọ́tọ̀. Ohun tí ó pín sí ọ̀nà mẹ́rin ni àwa kó jọ sójú kan, tí a sì wá ń bi ara wa léèrè ibi tí èrè gbà lọ.

Bí ọ̀gá bá ti rí i pé owó ń jò, ohun tí ó wọ́pọ̀ ni kí ó ra ẹ̀rọ ìtẹ̀ka sí ẹnu géètì, tàbí kí ó sanwó fún áàpù kan tí ẹni tí ó ń tà á ti fọwọ́ sọ̀yà pé ó ń bá àwọn ètò ìṣirò owó bíi QuickBooks, Sage tàbí Odoo ṣiṣẹ́. Ẹ má tíì yọ̀. Ohun tí òǹtajà kan ní lọ́kàn ni pé áàpù náà lè yọ fáìlì Excel kan tí ẹ ó fi ọwọ́ ara yín gbé wọlé; ohun tí ẹlòmíràn ní lọ́kàn ni pé àpapọ̀ owó ọ̀yà oṣù nìkan ni yóò kọjá, láìsí àlàyé iṣẹ́ tí a fi wákàtí ṣe. Èrò tèmi ni pé ìsopọ̀ yẹn gan-an kọ́ ni iṣẹ́ ńlá, nítorí ọmọ tí ó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa lè ṣe é láàárín àkókò díẹ̀. Ohun tí ó ṣòro ni kí wákàtí kọ̀ọ̀kan ti gbé ohun mẹ́ta dání kí ó tó kúrò ní sáìtì: ẹni tí ó ṣe é, iṣẹ́ àgbàṣe tí ó ṣe é fún, àti irú iṣẹ́ tí ó ṣe. Bí ọ̀kan bá sọnù nínú mẹ́ta yìí, kò sí ẹ̀rọ tí yóò dá a padà ní ọ́fíìsì. Ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì yóò kàn máa méfò ni.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tí ó ṣe iṣẹ́. Ní sáìtì, Bàbá Ìbejì ni gbogbo ènìyàn ń pe ọkùnrin kan. Lórí ìwé owó ọ̀yà, orúkọ tí ó wà ní báńkì ni a kọ. Lórí NIN rẹ̀, wọ́n ti gbé orúkọ àárín wá síwájú. Ẹni méjì tí ń jẹ́ Múrí sì lè wà nínú ọ̀wọ́ kan náà. Nítorí náà, nọ́ńbà ni kí a fi mọ ènìyàn, kì í ṣe orúkọ. Àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀ka ZKTeco tí ó pọ̀ ní ọjà wa, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń mọ òṣìṣẹ́. ERPNext, tí ó jẹ́ ètò tí ènìyàn lè gbà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láìsan owó, ní àyè kan nínú káàdì òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n pè ní Attendance Device ID, ibẹ̀ sì ni a ó kọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ẹnu géètì mọ̀ ọ́n sí. Òfin méjì ni mo fi de nọ́ńbà yìí. Èkíní ni pé ọ́fíìsì nìkan ni ó lè fún ènìyàn ní nọ́ńbà, lẹ́yìn tí a bá ti rí ojú rẹ̀, NIN rẹ̀ àti àkáǹtì báńkì rẹ̀. Fọ́máànù kò gbọdọ̀ ní agbára láti dá òṣìṣẹ́ tuntun sílẹ̀ lórí fóònù, nítorí ojú ihò yẹn ni àwọn ayédèrú òṣìṣẹ́ ń gbà wọlé. Èkejì ni pé a kì í gbé nọ́ńbà ẹni tí ó ti lọ fún ẹlòmíràn. Àwọn alágbàṣe wa a máa lọ sí oko nígbà òjò, wọn a sì padà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí wọ́n bá bá ẹni tuntun lórí nọ́ńbà wọn, wákàtí ẹni méjì yóò wọ inú káàdì kan ṣoṣo.

Nọ́ńbà iṣẹ́ àgbàṣe rọrùn, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀: inú ètò ìṣirò owó ni kí ẹ ti ṣí i, kí ó ti ibẹ̀ lọ sórí fóònù àwọn fọ́máànù, kí ó sì kúrò lórí fóònù lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí. Orí kóòdù tí a fi ń mọ irú iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí.

BOQ tí QS ṣe ní ìlànà BESMM, èyí tí a fi ń wọn iṣẹ́ ìkọ́lé ní Nàìjíríà, lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlà. Fọ́máànù tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún eruku, tí oòrùn ń ta sí ojú fóònù rẹ̀, kò ní yẹ gbogbo wọn wò. Èyí tí ó bá wà lókè pátápátá ni yóò máa tẹ̀ lójoojúmọ́, wákàtí ilé odidi kan yóò sì bọ́ sórí kòtò gbígbẹ́. Bí kóòdù bá tún kéré jù, a ti padà sí ìlà kan ṣoṣo tí mo ń ráhùn nípa rẹ̀. Mo fara mọ́ nǹkan bí ogún: kòtò gbígbẹ́, kọnkéré ìpìlẹ̀, búlọ́ọ̀kù títò, pátákó dẹ́kìn, irin títẹ̀ àti dídì, kọnkéré dẹ́kìn, òrùlé, ògiri rírẹ́ nínú, ògiri rírẹ́ lóde, táìsì, ọ̀dà, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kóòdù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bá ìlà kan tàbí àkójọ ìlà kan nínú BOQ mu, nítorí ẹni tí ó díye lé iṣẹ́ àti ẹni tí ó ń ka wákàtí gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ nípa ohun kan náà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní MasterFormat, tí ó ti pín iṣẹ́ ìkọ́lé sí ìpín 50 láti ọdún 2004, dípò 16 tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí ètò tí ẹ rà bá gbé e wá, ẹ má gbà á ní odidi. Ẹ yọ èyí tí ẹ ń lò, kí ẹ sì fi ohun tí àwọn fọ́máànù yín ń pe iṣẹ́ náà pè é, kódà bí ó bá jẹ́ pé àdàlù Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ni.

Kóòdù méjì wà tí n kì í gbà kí ẹnikẹ́ni yọ kúrò. Ọ̀kan ni àtúnṣe, ìyẹn iṣẹ́ tí a ti ṣe tẹ́lẹ̀ tí a wó, tí a sì tún ṣe. Èkejì ni ìdúró, ìyẹn wákàtí tí àwọn ènìyàn wà ní sáìtì ṣùgbọ́n tí wọn kò lè ṣiṣẹ́ nítorí pé búlọ́ọ̀kù kò tíì dé, tàbí dísù tán nínú ẹ̀rọ tí ń po kọnkéré, tàbí òjò rọ̀. Kóòdù kan sì wà tí n kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi kún un, òun ni “iṣẹ́ mìíràn”. Ẹ dán an wò, ẹ ó rí i pé láàárín oṣù kan, ìdajì wákàtí yín ni yóò ti sá wọ abẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ han ìdí tí mo fi rọ̀ mọ́ kóòdù ìdúró bẹ́ẹ̀. Ká ní QS fi 1,500 náírà sí owó òṣìṣẹ́ fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan tí a bá fi búlọ́ọ̀kù tò, tí ògiri tí a ó tò sì jẹ́ 1,200 mítà onígun mẹ́rin. Owó tí a yà sọ́tọ̀ jẹ́ 1,800,000 náírà. Nígbà tí a wọn iṣẹ́ náà, 500 mítà ti dúró, owó òṣìṣẹ́ tí ó ti wọ abẹ́ búlọ́ọ̀kù títò sì jẹ́ 960,000 náírà. Mítà kan ti di 1,920 náírà nìyẹn. Bí ó bá lọ bẹ́ẹ̀ títí dé òpin, 2,304,000 náírà ni a ó ná, àdánù rẹ̀ yóò sì jẹ́ 504,000. Ọ̀gá yóò bínú lọ bá àwọn bíríkìlà pé ọwọ́ wọn kò yá. Ṣùgbọ́n ká ní kóòdù ìdúró wà, tí fọ́máànù sì ń lò ó bí ó ti yẹ: a ó rí i pé 210,000 nínú 960,000 yẹn jẹ́ owó tí a san fún àwọn ènìyàn tí wọ́n jókòó sí abẹ́ igi tí wọ́n ń retí búlọ́ọ̀kù. Ohun tí ó ṣẹ́ kù jẹ́ 750,000, mítà kan sì jẹ́ 1,500 náírà geere, bí QS ṣe sọ ọ́. Àwọn bíríkìlà kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ẹni tí ń ra ọjà ni ó yẹ kí a pè. Láìsí kóòdù yẹn, ìjà tí kò yẹ ni a ó bá ẹni tí kò ṣẹ̀ jà, QS yóò sì gbé iye èké sínú ìdíyelé iṣẹ́ tí ó kàn, ó sì ṣeé ṣe kí ilé-iṣẹ́ pàdánù iṣẹ́ náà nítorí pé iye tí ó dá ga jù.

Wákàtí ni kí áàpù sáìtì máa gbà, kì í ṣe náírà. Owó ojúmọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sí lórí fóònù fọ́máànù, nítorí kò yẹ kí gbogbo sáìtì mọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà, àti nítorí pé owó ọ̀yà nìkan kọ́ ni wákàtí kan ń jẹ ilé-iṣẹ́. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún sí i, kí òṣìṣẹ́ fi ìdá 8 sí i. Òfin ọdún 2010 lórí ìtọ́jú òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ní kí a san ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọ̀yà fún NSITF, àjọ ìjọba tí ń rí sí ìtọ́jú náà. ITF, àjọ ìjọba tí ń rí sí ìkọ́ṣẹ́ òṣìṣẹ́, náà ní ìdá 1 tirẹ̀ lọ́dún. Ìdá 10 ti ìfẹ̀yìntì, ìdá 1 ti NSITF àti ìdá 1 ti ITF, apá agbanisíṣẹ́ ni gbogbo wọn, ó sì yẹ kí ètò ìṣirò owó máa fi wọ́n kún wákàtí bí wákàtí bá ṣe ń wọlé, kí iṣẹ́ àgbàṣe kọ̀ọ̀kan ru ẹrù tirẹ̀. Bí a bá dà wọ́n sí abẹ́ ìnáwó ọ́fíìsì, gbogbo sáìtì yóò máa dà bí ẹni pé ó ń jèrè, ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ yóò sì máa rù. Ìdá 8 ti òṣìṣẹ́ àti owó-orí rẹ̀ yàtọ̀: inú ọ̀yà rẹ̀ ni a ti ń yọ wọ́n, wọn kò sì yí iye tí iṣẹ́ jẹ padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin owó-orí tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 ti yọ 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú owó tí ènìyàn ń rí lọ́dún kúrò nínú ohun tí a ó gba owó-orí lé lórí, tí ó sì yẹ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ètò yín ti mọ̀ nípa rẹ̀.

Àwọn tí a ń san owó fún ní iye búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò, tí a kì í ka ọjọ́ fún, kò sí nínú ìṣirò yìí. Iye tí wọ́n ṣe ni kí a gbé wọlé fún wọn, kí ó sì bọ́ sábẹ́ kóòdù kan náà.

Ohun kan tí ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé ètò tí wọ́n rà á máa ṣírò ófátáìmù fúnra rẹ̀ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Amẹ́ríkà ni a ti ṣe púpọ̀ nínú wọn, òfin ibẹ̀ sì ni wọ́n fi tọ́ wọn dàgbà. Òfin àpapọ̀ wọn ti ọdún 1938 ní kí a san ìlọ́po kan àbọ̀ fún wákàtí tí ó bá ju 40 lọ lọ́sẹ̀. Òfin Davis-Bacon ti ọdún 1931 ti fi iye owó ọ̀yà tí kò gbọdọ̀ dín lélẹ̀ fún oníṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan lórí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, èyí ni ó fà á tí àwọn ètò náà fi máa ń béèrè irú oníṣẹ́ tí ènìyàn jẹ́ kí wọ́n tó gba wákàtí rẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Labour Act ti ilẹ̀ Nàìjíríà fi wákàtí iṣẹ́ sílẹ̀ fún àdéhùn láàárín agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ohun tí ó bá sì ju iye tí wọ́n fẹnu kò sí lọ ni ófátáìmù. Ó tún ní kí ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín sí wákàtí kan. Ẹ pa òfin 40 tí ó wà nínú ètò náà rẹ́, kí ẹ sì kọ àdéhùn tiyín sí i.

Ẹ̀rọ ẹnu géètì mọ̀ pé ènìyàn wọlé ní aago méje àárọ̀, ó sì mọ̀ pé ó jáde ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Kò mọ ohun tí ó ṣe láàárín méjèèjì. Fọ́máànù mọ ohun tí ó ṣe, ṣùgbọ́n ó lè kọ orúkọ ẹni tí kò wá. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí méjèèjì wà, kí ọ̀kan máa ṣọ́ èkejì. Bí géètì bá sọ pé ènìyàn wà nínú ọgbà fún wákàtí 10, tí ìsinmi jẹ́ 1, àpapọ̀ kóòdù tí fọ́máànù pín fún un gbọ́dọ̀ jẹ́ 9. Bí ó bá jẹ́ 11, tàbí tí géètì kò rí ẹni náà rárá, kí ìlà náà pọ́n, kí ó má sì kọjá sí ọ́fíìsì. Ìrọ̀lẹ́ ni fọ́máànù ń pín wákàtí, ọ̀wọ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà: yóò tẹ orúkọ àwọn mẹ́jọ tí ó to búlọ́ọ̀kù, yóò fi wákàtí 6 sí kóòdù títò, wákàtí 3 sí ìdúró, ó parí. Ẹnjiníà sáìtì yóò buwọ́ lù ú ní àárọ̀ ọjọ́ kejì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n fọ́máànù kì í ṣe Alájọ Ṣómólú; bí ó bá di ọjọ́ Ẹtì, ohun tí ó bá bọ́gbọ́n mu lójú rẹ̀ ni yóò kọ nípa ọjọ́ Ajé, gbogbo wákàtí yóò sì jẹ́ 9 geere lábẹ́ kóòdù kan. Nígbàkúgbà tí mo bá rí àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan tí ó dọ́gba jù, mo máa ń fura.

Ìtẹ̀ka ní wàhálà tirẹ̀. Sìmẹ́ńtì a máa jẹ awọ ọwọ́, ọwọ́ ẹni tí ó ti ń po kọnkéré fún ìgbà pípẹ́ a sì dán tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ kò ní rí ilà ìka rẹ̀ mọ́. Ẹ ó rí i tí yóò máa fi ìka nu ṣòkòtò, tí yóò tún tẹ̀ ẹ́, tí ìlà àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò máa gùn sí i ní àárọ̀. Ẹ̀rọ tí ń wo ojú ṣe dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ fún wa. Ṣùgbọ́n ìka àti ojú wà lára ohun tí òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 kà sí dátà tí ó gba ìṣọ́ra gidi, nítorí náà ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń gbà á fún òṣìṣẹ́ ní èdè tí ó gbọ́, ẹ jẹ́ kí ó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì pa á rẹ́ nígbà tí kò bá wúlò mọ́. Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má ra áàpù tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i, nítorí ọ̀pọ̀ sáìtì wà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé. Fóònù yóò kó àkọsílẹ̀ náà pamọ́, yóò sì fi í ránṣẹ́ nígbà tí fọ́máànù bá dé ojú títì, ibẹ̀ sì ni ewu kan wà: nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já lẹ́yìn tí ọ́fíìsì ti gbà á ṣùgbọ́n kí fóònù tó mọ̀, fóònù yóò sì tún un fi ránṣẹ́. Ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí kò jọ ti ìlà mìíràn, kí ọ́fíìsì lè da èyí tí ó bá dé lẹ́ẹ̀kejì nù. Láìsí ìyẹn, a ó san owó ọjọ́ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti bí wákàtí yóò ṣe kọjá sínú ètò ìṣirò owó, API, ìyẹn ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà méjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà, ni àwọn òǹtajà fẹ́ràn láti máa sọ, ó sì dára, ṣùgbọ́n fáìlì CSV, tí a fi kọ́mà ya ohun inú ìlà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ojú lásán lè kà á kí ó tó wọlé. Bí ìlà kan ṣe ń rí nìyí:

2026-02-11, L0417, AKB03, 210, 6.5, N

Ọjọ́ ni ó ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ nọ́ńbà òṣìṣẹ́, nọ́ńbà iṣẹ́ àgbàṣe, kóòdù búlọ́ọ̀kù títò, wákàtí, àti àmì pé kì í ṣe ófátáìmù. Lẹ́tà L tí ó ṣáájú 0417 kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí L kò bá sí níbẹ̀, tí ẹnìkan sì ṣí fáìlì náà nínú Excel tí ó sì tún un pamọ́, Excel yóò yọ òdo tí ó wà níwájú nọ́ńbà, 0417 yóò di 417, ètò ìṣirò owó yóò sì sọ pé òun kò mọ ẹni náà, tàbí kí ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó bá ẹlòmíràn tí ń jẹ́ 417. Ìdí kan náà ni mo fi ń kọ ọdún síwájú nínú ọjọ́: kọ̀ǹpútà tí a tò sí ìlànà Amẹ́ríkà yóò ka 11/02 sí ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, wákàtí Ọjọ́rú yẹn yóò sì lọ bá oṣù tí a kò tíì dé.

Nígbà tí ó bá wọ inú léjà, ọ̀nà méjì ni wákàtí ń gbà. Ó ń lọ sí abẹ́ iṣẹ́ àgbàṣe gẹ́gẹ́ bí ìnáwó, ó sì ń lọ sí ìwé owó ọ̀yà gẹ́gẹ́ bí gbèsè tí a jẹ òṣìṣẹ́. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba, ọ̀nà tí mo sì mọ̀ láti fi ṣọ́ wọn ni àkáǹtì agbedeméjì kan. Bí wákàtí bá wọlé, a ó kọ owó rẹ̀ sí abẹ́ iṣẹ́ àgbàṣe náà ní dẹ́bíìtì, a ó sì kọ ọ́ sí àkáǹtì agbedeméjì ní kírẹ́díìtì. Bí a bá ṣe ìwé owó ọ̀yà, àkáǹtì agbedeméjì yóò gba dẹ́bíìtì owó ọ̀yà àti apá agbanisíṣẹ́, báńkì àti àwọn tí a jẹ ní gbèsè yóò sì gba kírẹ́díìtì. Bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, òdo ni yóò kù níbẹ̀. Bí ó bá ku kírẹ́díìtì, wákàtí kan ti wọ sáìtì tí a kò tíì sanwó rẹ̀. Bí ó bá ku dẹ́bíìtì, a ti sanwó fún ẹnìkan tí kò sí sáìtì kankan tí ó mọ ohun tí ó ṣe. Ìyókù àkáǹtì yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ wò ní òpin oṣù, kí n tó wo báńkì pàápàá. Bí oṣù bá parí ní Ọjọ́rú tí owó ọ̀sẹ̀ kò sì jáde títí di Sátidé, kírẹ́díìtì tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe. Òun gan-an ni owó iṣẹ́ tí a ti ṣe tí a kò tíì san, mo sì ti rí i láìjẹ́ pé mo pe sáìtì kankan.

Ó tún ní bí ó ṣe kan ìwé ọdọọdún. IFRS 15, ìlànà ìṣirò owó àgbáyé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018 tí ó sì gba ipò ìlànà àtijọ́ IAS 11, gbà kí ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé fi owó tí ó ti ná tàbí wákàtí tí òṣìṣẹ́ ti ṣe wọn ibi tí iṣẹ́ dé, kí ó sì fi ìyẹn mọ iye owó tí ó lè kà sí èyí tí ó ti wọlé. Ṣùgbọ́n ó ní kí a yọ ohun tí ó bá ṣòfò kúrò nínú ìwọ̀n náà, yálà ọjà ni tàbí iṣẹ́ òṣìṣẹ́, bí a kò bá retí rẹ̀ nígbà tí a ń díye. Ẹni tí ó ní kóòdù ìdúró àti àtúnṣe yóò kàn fi ọwọ́ tọ́ka sí i fún àwọn tí ń yẹ ìwé wò. Ẹni tí kò ní i yóò kà á mọ́ iṣẹ́ tí ó ti lọ síwájú, èrè tí ó kọ sílẹ̀ lọ́dún náà yóò sì ga ju bí ó ti yẹ lọ.

Ó ku àtúnṣe àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìsopọ̀ ti ń tú. Fọ́máànù yóò pè ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé wákàtí ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá kò tọ̀nà, pé orí ògiri rírẹ́ ni ó yẹ kí wákàtí 4 kan wà, kì í ṣe orí búlọ́ọ̀kù. Bí áàpù bá gbà á láyè láti lọ pa ìlà àtijọ́ rẹ́ kí ó sì kọ tuntun, sáìtì ti yí padà, ṣùgbọ́n léjà kò mọ̀, nítorí ọ̀sẹ̀ náà ti kọjá sọ́dọ̀ wa, a sì ti sanwó lórí rẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni pé, nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá ti kọjá sínú ìwé owó, kí ó tì pa lórí fóònù. Àtúnṣe yóò wá gẹ́gẹ́ bí ìlà méjì tuntun tí ó ní ọjọ́ àtúnṣe lára, ọ̀kan tí ó yọ wákàtí 4 kúrò lórí búlọ́ọ̀kù, ọ̀kan tí ó fi wákàtí 4 sí ògiri rírẹ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó béèrè fún un. Nítorí náà, bí òǹtajà bá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì yín láti wá fi ètò rẹ̀ hàn yín, ẹ jẹ́ kí ó ṣe gbogbo àwòrán aláràbarà rẹ̀ tán, lẹ́yìn náà kí ẹ ní kí ó gbé ọ̀sẹ̀ kan kọjá sínú léjà, kí ó tì í, kí ó wá gbìyànjú láti yí wákàtí ẹnì kan padà nínú rẹ̀ lójú yín. Bí ó bá ṣeé yí láìsí ìlà tuntun kankan nínú léjà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì sin ín dé géètì.